Obìnrin Tí Wọ́n Yọ Kúrò Lára Ògiri

Ọkùnrin mẹ́rin ló wà lára ògiri pálọ̀ nígbà tí wọ́n mú mi wọ ilé ọkọ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n wà nínú férémù aláwọ̀ wúrà, wọ́n gbé ọwọ́ lé itan, wọ́n sì ń wo ẹni tó bá wọlé bí ẹni pé olúwarẹ̀ ti jí nǹkan kí ó tó dé. Ọjọ́ kejì ìgbéyàwó ni wọ́n ti mú mi lọ kí wọn. Mo kúnlẹ̀ fún fọ́tò. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo kúnlẹ̀ lóòótọ́.

Bàbá Èkó ló ń fi wọ́n hàn mí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni àkọ́kọ́ ni bàbá ńlá tó kọ́ ilé. Èkejì ni ọmọ rẹ̀ tó di alàgbà ìjọ. Ẹ̀kẹta ni àbúrò alàgbà, tó ṣe akọ̀wé fún ìjọba òyìnbó. Ẹ̀kẹrin ni Bàbá Èkó fúnra rẹ̀, ọmọ alàgbà, tó dúró níwájú mi láàyè, tó na ìka sí ara rẹ̀ lórí ògiri, tó ní, "Èyí náà sì nìyí." N kò mọ èyí tí ǹ bá kí, ẹni inú férémù ni tàbí ẹni tó dúró. Mo kí àwọn méjèèjì.

Èmi ni mo sọ ọ́ ní Bàbá Èkó. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nínú ilé ọkọ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ bá sọ wọ́n ni yóò máa pè wọ́n. Ọkùnrin náà ti ṣiṣẹ́ ní Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ti fẹ̀yìntì, ó ti padà wálé, ṣùgbọ́n Èkó kò tíì kúrò lára rẹ̀. Bó bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ojú aago ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń wò.

Ohun tó fi ń yangàn jù kì í ṣe fọ́tò. Lókè ilẹ̀kùn ńlá tó kọjú sí títì, bíríkìlà ayé àtijọ́ kan ti fi sìmẹ́ǹtì mọ kìnnìún méjì síbẹ̀. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró bí ènìyàn, wọ́n jùmọ̀ gbé adé kan sókè. Lábẹ́ wọn ni lẹ́tà méje wà tí òjò ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀: GENEVER. Ìdílé ọkọ mi gbà pé ọba òyìnbó ló fi àmì náà ta bàbá ńlá lọ́rẹ. Bí àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ òyìnbó ṣe ní àmì tiwọn, tí wọ́n ń yà á sára ṣíbí, sára kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin àti sára ibojì, kí gbogbo ayé lè mọ ìran tí wọ́n ti wá, bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa.

Bàbá Èkó ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní àgékúrú ni. GEN ni jẹnẹréṣọ̀n, ìyẹn ìran. EVER ni títí láé. Ìran wa kò ní pa rẹ́ títí láé. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ìkọ̀wé ìdílé, ó tẹ̀ ẹ́ sára abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n pín níbi òkú alàgbà. Bí ọdún Kérésì bá kó gbogbo ilé jọ, ẹnì kan á pariwo láti ìloro pé, "Jẹ́nẹ́fà!" Ìyókù á dáhùn pé, "Títí láé!" Àwọn ọmọ kéékèèké ló fẹ́ràn rẹ̀ jù. Wọ́n fi ń ṣeré bojúbojú.

Mo gbà á gbọ́. Mo kàwé dé fọ́ọ̀mù fáìfù ní Ìbẹ̀fun, ìlú tí wọ́n ti bí mi, mo ṣe ìdánwò wáẹ̀kì, Gẹ̀ẹ́sì sì ni iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù. Síbẹ̀ n kò bi ara mi léèrè rí pé irú àgékúrú wo ni èyí. Ìyàwó tuntun kì í wo ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ojú ẹni tó ń máàkì ìwé.

Yàrá kan wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣìnnì. Ibẹ̀ ni Ìyá Àgbà ń gbé, ìyá tó bí bàbá ọkọ mi. Òun nìkan ló kù láyé nínú ọmọ bàbá ńlá. Alàgbà tó wà lára ògiri jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, akọ̀wé náà jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyá kan náà ló bí wọn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú ló padà sílé bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ kan lọ́wọ́, ọmọ náà ló sì bí ọkọ mi. Nítorí náà ọmọ obìnrin ilé ni ọkọ mi, kì í ṣe ọmọ ọkùnrin. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí wọ́n á fi kò mí lójú níwájú.

Ìyá Àgbà ló kọ́ mi bí a ṣe ń wẹ ọmọ. Nígbà tí mo bí ọmọ mi obìnrin, ẹ̀rù ń bà mí láti fọwọ́ kan orí rẹ̀. Ó ní kí n gbé e wá. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ ọmọ sí i, ó da omi gbígbóná sí i lẹ́yìn, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ ní Ìjẹ̀bú líle tí ọmọ ìlú gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́. Ọmọ dákẹ́. Láti ọjọ́ náà, èmi ni mo ń se oúnjẹ rẹ̀, èmi ni mo ń fọ aṣọ rẹ̀, èmi ni mo sì ń mú un lọ́wọ́ gba pálọ̀ kọjá bó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbàkígbà tí a bá gba ibẹ̀, á dúró. Á wo àlàfo kan tó wà láàárín bàbá ńlá àti alàgbà. Mo rò pé ó ń sinmi ni.

Ọdún tí ọmọ mi ń kọ́ ìrìn ni Bàbá Èkó ní ìdílé gbọ́dọ̀ ṣe álímánáàkì. Ìwé ńlá fífẹ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri ni, tí ojú àwọn ènìyàn máa ń kún inú rẹ̀, tí oṣù méjìlá á wà nísàlẹ̀. Kìnnìún méjì á wà lókè pátápátá, pẹ̀lú ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà lódindi. Àwọn mẹ́rin orí ògiri á tẹ̀ lé e. Ìran tó wà láàyè á wà nísàlẹ̀ wọn. Wọ́n á pín in dé Èkó, dé Ìbàdàn, dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Onífọ́tò ń bọ̀ ní Sátidé, ọ̀sẹ̀ méjì sí ìgbà náà, láti wá ya àwọn tó wà lára ògiri.

Mo ń ròyìn èyí fún Ìyá Àgbà bí mo ti ń gé èékánná rẹ̀. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Ìyàwó mi, fa àpótí abẹ́ ibùsùn yẹn jáde."

Àpótí pákó ni, ibẹ̀ ló ń kó aṣọ rẹ̀ sí. Mo ti fà á jáde rí láìmọye ìgbà, àmọ́ aṣọ ló máa ń bò ó. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ní kí n kó gbogbo rẹ̀ kúrò. Mo kó aṣọ òfì kúrò, mo kó Bíbélì kúrò, mo kan nǹkan pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi àdìrẹ ògbólógbòó wé. Fọ́tò ńlá ni, kò ní dígí mọ́. Obìnrin kan jókòó nínú rẹ̀, ó so iyùn mọ́ ọrùn, ó wo ọ̀kánkán bí ẹni tí wọ́n ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé àpótí pákó kan. Kìnnìún méjì wà lára àpótí inú fọ́tò náà, wọ́n fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró, wọ́n gbé adé.

Mo wo àpótí tí mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo fi ọwọ́ nù ún. Kìnnìún méjì náà nìyẹn, wọ́n fi irin gbígbóná jó wọn sára pákó. Lẹ́tà méje náà nìyẹn lábẹ́ wọn. Àpótí ọtí ni.

Mo bi í pé ta nìyí.

"Ìyá mi ni," ó ní. "Òun ló kọ́ ilé yìí."

Ó wá sọ ọ́ fún mi, láìgbé ohùn sókè, bí ẹni ń ka ìlànà oúnjẹ. Ìyá rẹ̀ ló ń ta ọtí òyìnbó nígbà ayé rẹ̀. Ó ń lọ bá àwọn oníṣòwò lójú ọ̀sà ní Èjìnrìn, ó ń rà á ní àpótí àpótí, àwọn alárù á sì rù ú tọ̀ ọ́ lẹ́yìn dé Òde. Kò sí ìdána, kò sí òkú, kò sí oyè tí wọn kò ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ gbé ọtí. Bàbá ńlá ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bàbá òun dára lọ́kùnrin, ó mọ aṣọ wọ̀. Ìyá òun ló ń ra aṣọ náà. Nígbà tí ilé dé òkè, bíríkìlà béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí òun mọ sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn tó lówó nígbà náà ń mọ òdòdó, wọ́n ń mọ áńgẹ́lì. Ìyá rẹ̀ fi ẹsẹ̀ ti àpótí ọtí kan sí i, ó ní, "Ẹran méjì yìí ni kí o mọ síbẹ̀. Àwọn ló kọ́ ọ." Bíríkìlà kò mọ̀wé. Ó rò pé lẹ́tà wà lára ẹran. Ó mọ gbogbo rẹ̀.

"Fọ́tò yìí ti wà lára ògiri rí?"

Ó ní ó wà níbẹ̀ rí, láàárín ọkọ rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ di alàgbà, àwọn àgbà ìjọ wá kí wọn nílé, ọ̀kan nínú wọn sì béèrè ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ìyá. Wọ́n ń wàásù lòdì sí ọtí gidigidi nígbà náà. Wọn kò tíì dé ìta tí alàgbà fi sọ fọ́tò ìyá tó bí i kalẹ̀. Ó ní obìnrin ọlọ́tí kò bá pálọ̀ òun mu. Ó fẹ́ jó o. Ìyá Àgbà, tí kò ju ọmọge lọ nígbà náà, gbé e pamọ́ sábẹ́ ìró.

Mo jókòó sílẹ̀. Ẹ gbọ́ mi. Wọ́n yọ obìnrin náà nítorí ọtí, wọ́n sì fi orúkọ ọtí sílẹ̀ níwájú orí ilé, wọ́n ń kígbe rẹ̀ lọ́jọ́ Kérésì.

Mo béèrè ìdí tí kò fi sọ ọ́ láti ìgbà yìí wá. Ó ní ta ló bi òun? Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọge, wọ́n ní òun ń lọ ilé ọkọ. Nígbà tí òun padà, wọ́n ní òun ti ilé ọkọ dé. Lẹ́yìn náà ló gbá ọwọ́ mi mú.

"Mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn mọ́ láyé. Kí n rí i lára ògiri kí onífọ́tò yẹn tó dé. Bí ìwé yẹn bá jáde tí kò sí níbẹ̀, ó tán nìyẹn. Èmi á kú, ìwé ò ní kú. Ìwé làwọn ọmọ yín máa gbà gbọ́."

Mo ní díkíṣọ́nárì kan tí wọ́n fi ta mí lọ́rẹ ní fọ́ọ̀mù fáìfù, ẹ̀bùn Gẹ̀ẹ́sì. Èèpo rẹ̀ ti ya. Mo wá ọ̀rọ̀ náà nígbà tí ọmọ sùn. Ó wà níbẹ̀ gan-an, kì í ṣe àgékúrú: ọtí líle tí àwọn ará Họ́láńdì ń ṣe. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní Ìjagun. Nígbà tó gbé alùpùpù rẹ̀ wọlé nírọ̀lẹ́, mo fi ìwé náà hàn án kó tó bọ́ bàtà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ó ń pè é, "Jẹ́nẹ́fà! Títí láé!" ó sì ń fi ọwọ́ lu ògiri. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kí n má sọ ọ́ níta. Ó ní Bàbá Èkó ló wá iṣẹ́ fún òun, àti pé òun jẹ́ ọmọ obìnrin ilé, ọ̀rọ̀ kò tọ́ sí òun lẹ́nu.

Inú bí mi. Mo ní níbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ní Ìjẹ̀bú? Àwọn Yorùbá ibòmíràn lè sọ pé ọmọ ọkùnrin ló ni ilé. Níbí, ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilé, ọmọ ilé lòun náà, bí wọ́n bá pín nǹkan á nawọ́, bí wọ́n bá ń gbìmọ̀ á jókòó. Ó mọ̀. Gbogbo wa la mọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí o jókòó ló ń ṣe bí ẹni tó gbàgbé. Ọkọ mi bọ́ bàtà. Ó ní òun kò ní dí mi lọ́wọ́, àmọ́ òun kò lè bá mi sọ ọ́. Mo kọ ẹ̀yìn sí i jẹun.

Ọ̀sán Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ni ìpàdé ìdílé. Àwọn àgbà ọkùnrin jókòó sí àga, àwa ìyàwó gbé míńírà wọlé, a sì dúró sí ẹnu ọ̀nà, bí a ti máa ń ṣe. Mo pọn ọmọ. Mo ti mú Ìyá Àgbà wọlé ṣáájú, mo fi í sórí àga nísàlẹ̀ ibi tó máa ń wò, fọ́tò náà wà lórí itan rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀ wọ́n. Ó ní òun ní fọ́tò ìyá òun, kí wọ́n jẹ́ kó padà sí àyè rẹ̀, kó sì wọ inú álímánáàkì.

Bàbá Èkó kò bú u. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ó ní ìwé náà kò ní àyè ju ti mẹ́rin lọ. Ó ní bàbá ńlá fẹ́ ju ìyàwó kan lọ, bí wọ́n bá fi ọ̀kan síbẹ̀, àwọn ọmọ ìyókù á bínú. Ó ní ìtàn ìdílé kì í ṣe ìtàn ìyàwó. Ó wá ní, "Àǹtí mi, kí gan-an ni wọ́n ṣe?"

Ìyá Àgbà la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Mo rí omi lójú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Èkó, mo ní ìbéèrè kan."

"Ìyàwó, ẹni tó gbé míńírà wá kì í ní ìbéèrè," ó ní. "Ó máa ń ní ohun ìṣígò ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, torí ó pani lẹ́rìn-ín. Mo ní, "Kí ni ìtumọ̀ Jẹ́nẹ́fà, sà?"

Kó tó dáhùn, àwọn ọmọ tó ń ṣeré nínú ọgbà ti gbọ́. Wọ́n pariwo láti ojú fèrèsé pé, "Títí láé!"

Mo yọ díkíṣọ́nárì láti inú ọ̀já ọmọ. Mo kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, mo sì túmọ̀ rẹ̀. Mo sọ ti àpótí, mo sọ ti Èjìnrìn, mo sọ ohun tí bíríkìlà béèrè àti èsì tí wọ́n fún un. N kò sáré sọ ọ́. Nígbà tí mo parí, bàbá kan tó dàgbà láàárín wọn gbé ìgò rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọtí?" ó ní.

"Ọtí ni, sà. Jíìnì."

"Tí mo tẹ̀ ẹ́ sára pósí ẹ̀gbọ́n mi?"

 Bàbá Èkó dìde. Kò wo aago lọ́jọ́ náà, èmi ló ń wò.

"Ta ló bí ọ nínú ilé yìí? A fẹ́ ọ ni, a ò bí ọ. Ọmọ Ìbẹ̀fun tó kàwé díẹ̀ ló fẹ́ wá sọ ilé wa di ṣọ́ọ̀bù ọtí."

 Orúnkún mi wà nílẹ̀, mi ò gbé e. Àmọ́ mo gbé orí.

"Òótọ́ ni sà, ẹ̀yin kọ́ lẹ bí mi. Ìyá inú fọ́tò yìí ló bí Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà ló bí bàbá ọkọ mi, ọkọ mi ló sì bí ẹni tí mo pọ̀n. Ìyá yẹn náà ló bí bàbá tó bí ẹ̀yin. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ara mi ni mò ń sọ. Ọmọ ilé ló wà lẹ́yìn mi yìí, kò tíì lè sọ̀rọ̀, mo kàn ń bá a sọ ọ́ ni."

Ọmọ náà jí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. N kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mo jẹ́ kó sunkún sí wọn létí.

Bàbá Èkó ní bó bá jẹ́ ọtí ni, òun á ránṣẹ́ pe bíríkìlà lọ́la, wọ́n á gbẹ́ ẹran náà dànù. Ohùn Ìyá Àgbà ló dá a dúró. Ó ti rí ọ̀rọ̀ sọ nígbà yìí.

"Gbẹ́ ẹ. Bí o bá gbẹ́ ẹ tán, kí o wó ilé tẹ̀ lé e. Ọwọ́ kan náà ló kọ́ àwọn méjèèjì."

Ìpàdé tú láìsí àdúrà ìparí. Bàbá Èkó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ẹni tó bá gbé fọ́tò ọlọ́tí kọ́ sí ògiri bàbá òun, orí ààtàn ni yóò ti bá a.

Mo gbé e lọ fún káfíńtà. Mo ní kó ṣe férémù tó fẹ̀ ju ti àwọn mẹ́rin lọ. Ó béèrè bóyá kí òun gé ìsàlẹ̀ fọ́tò náà, níbi tí àpótí wà, kó lè bá férémù mu. Mo ní bó bá gé e, èmi náà á gé nǹkan lára rẹ̀.

Àárọ̀ Sátidé, kí onífọ́tò tó dé, mo gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo mú ìṣó àti ọmọ odó. Ilé kò ní òòlù, tàbí ẹni tó ní i kò fẹ́ kí n rí i. Mo gun àga, ó mì. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi, mo rò pé ó ti tán fún mi. Ọkọ mi ni.  Ó di àga mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì gbé ojú kúrò, bí ẹni tó kàn ń kọjá lọ tí àga sì há sí i lọ́wọ́. Mo kan ìṣó, mo gbé fọ́tò náà kọ́ sáàárín bàbá ńlá àti alàgbà. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi ọwọ́ kan orí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo torí rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí i láti ọ̀sẹ̀ méjì, ibẹ̀ ni mo sọ ọ́ nù sí.

Ìyá Àgbà wọlé. Ó wo ìyá rẹ̀. Kò sunkún bí mo ti rò. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó ní kí n gbé àga rẹ̀ wá sí abẹ́ rẹ̀ gan-an, ó sì jókòó.

Onífọ́tò dé, ó to irin ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, ó ka ògiri. Ó ní mẹ́rin ni wọ́n sọ fún òun. Bí ó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni Bàbá Èkó wọlé nínú agbádá funfun, torí wọ́n á ya òun náà sí i. Ó rí i. Ó ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Ó sọ ọ́ fún ọkọ mi, ọkọ mi ń wo ilẹ̀. Ó sọ ọ́ fún onífọ́tò, ìyẹn ní òun kì í fọwọ́ kan ẹrù onílé. Ó gbá agbádá sí èjìká, ó sì lọ fúnra rẹ̀.

Kò lè dé ibẹ̀. Àga Ìyá Àgbà ló wà láàárín, bó bá na apá, orí ìyá náà ló máa kọ́kọ́ kàn. Ìyá Àgbà kò yẹra. Ó gbójú sókè sí i.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, bó o bá fẹ́ mú un, gun orí mi. Kò sí ọ̀nà mìíràn."

Bàbá Èkó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú apá kan lókè. Mo gbọ́ bí ó ti ń mí. Ó sọ apá náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó tún agbádá ṣe, ó sì sọ fún onífọ́tò pé kó ya mẹ́rin.

Mẹ́rin ló wà nínú álímánáàkì nígbà tó dé. Mi ò ní purọ́ pé a borí níbẹ̀. Obìnrin náà kò sí nínú rẹ̀. Kìnnìún wà lókè gẹ́gẹ́ bó ti wí, wọ́n gbé adé, ṣùgbọ́n kò sí lẹ́tà kankan lábẹ́ wọn. Wọ́n ti pa á rẹ́. Kò sì sí ẹni tó kígbe nǹkan kan ní Kérésì ọdún náà. Mo mú ẹ̀dà kan lọ fún Ìyá Àgbà. Ó yí i sí ẹ̀yìn tó funfun, ó ní ó dára láti fi bo tábìlì. Ohun tó fẹ́ rí ti wà lára ògiri. Láti ọjọ́ náà pálọ̀ ló ń jókòó sí láàárọ̀, ọ̀rọ̀ yàrá ẹ̀yìn di ọ̀rọ̀ oorun nìkan.

Àwọn ìyàwó ilé ní ẹnu mi mú jù. Wọ́n tún ránṣẹ́ sí mi pé kí n lọ bẹ Bàbá Èkó, pé ìyàwó kì í jà pẹ̀lú àgbà. Mo lọ. Mo kúnlẹ̀ dáadáa, orúnkún méjèèjì. Mo ní, "Ẹ má bínú sà, pé mo sọ ọ́ níwájú gbogbo ènìyàn. Ọ̀nà tí mo gbà sọ ọ́ ni mo wá bẹ̀ yín lé lórí. Ohun tí mo sọ kọ́."

 Ó ní kí n dìde. N kò mọ̀ títí dòní bóyá ó dárí jì mí ni, tàbí ó kàn fẹ́ kí n máa lọ. Mo dìde, mo sì lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó gba pálọ̀ kọjá nígbà tí mò ń nu dígí férémù tuntun náà. Mo kí i. Kò dáhùn. Mo ń nù ún lọ.